Ìlà Ẹfun

Èmi ni mo tẹ ìwé tí wọ́n pín nípàdé,
ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú:
igba bébà, ojú kan ṣoṣo,
àpótí mẹ́ta fún ohun tí káńsù fẹ́ fowó ọdún yìí ṣe:
iná òpópónà, géètì, ọ̀dà ọ́fíìsì.
Kò sí gọ́tà níbẹ̀.
Mo rí i. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó iṣẹ́ ni mo ń wò.

Kíláàsì ọmọ kékeré la jókòó sí,
àgbà lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, orúnkún ń kan àgbọ̀n.
Akọ̀wé ní, "Ẹ mú ọ̀kan. Owó ò pọ̀."
"Owó ta ni?" Ẹnìkan ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn.

Ìyá Kúbúrátù ò mọ̀wé, kò gba bírò.
Ó mú ẹfun lórí tábìlì tíṣà,
ó fa ìlà gbọọrọ sára ògiri
ní déédéé ọmú ara rẹ̀.
"Ibi tómi dé ní yàrá mi lóṣù Agẹmọ rèé.
Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dúró tì í."

Ọkùnrin náà kúrú.
Ìlà bá a lọ́rùn, níbi tó ti so táì.

Mo kọ "gọ́tà" sí etí ìwé tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀.
Ẹni tó jókòó tì mí yọjú wò ó, ó kọ tirẹ̀,
ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì.

N ò mọ̀ bóyá wọn á gbẹ́ ẹ.
Ìlà ṣì wà lára ògiri ṣá;
àwọn ọmọ kíláàsì ń wọn ara wọn mọ́ ọn,
wọ́n ń bira wọn léèrè
ta ló ti ga borí omi.