Lẹ́yìnkùlé, ní Ìkèrèkú

Àpáta tí bàbá mi ò rówó fọ́
nígbà tó ń kọ́lé,
tó ń bú u títí ó fi kú,
òun ni mo fi ṣe ògiri kan.
Mẹ́ta tó kù, páànù àlòkù ni, láti Láfẹ́nwá.
Ilẹ̀kùn tí ikán jẹ létí ti di tábìlì;
búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ló gbé e ró,
ọ̀kan nínú wọn, ti Ìyá Ṣówándé ni.
Mo ní màá dá a padà.
Gbogbo owó tó wọlé sí i ò tó ra ewúrẹ́.

Lọ́sàn-án, páànù á gbóná bí ààrò.
Èmi á fẹ̀yìn ti àpáta,
àjákù aṣọ lórí itan,
abẹ́rẹ́ lẹ́nu.
Ó tutù.

Báàgì kejìlá rèé.
Bàbá, ẹ wá wò ó:
òkúta yín ti ríṣẹ́.