Òpó Kẹta

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.
Mo fi ìka kan òpó kẹta lápá ọ̀tún,
kò dáhùn bí igi,
ó dáhùn bí agbè tí omi inú rẹ̀ ti gbẹ.
Ikán ti jẹun ní Paramaribo, kò sì nu ẹnu.

Opó mẹ́ta ló ni ìdí òpó yìí:
Ìyá Muntslag tó ń ta omi dídì lẹ́bàá odò,
Ìyá Soekirman, tí àpótí kan ṣoṣo gbé bàbá rẹ̀ wá láti Jáfà,
àti Ìyá Jhinkoe, tí ọkọ rẹ̀ kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí,
àmọ́ tó fi ogójì ọdún dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti agboòrùn.
Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ sún síwájú."
Wọ́n ní, "Àwa kọ́. Òpó ni kó sún."

Ẹnjiníà ní ká fi irin rọ́pò rẹ̀.
Fáda Verhulst wo òkè, kò sọ̀rọ̀.
Àjà wa, pákó kédárì tí a kò kùn rí,
bí òjò bá dá, a máa rùn bí àpótí aṣọ ìyá àgbà.
Ta ni yóò gbóòórùn irin kó rántí ẹnikẹ́ni?

Ni mo bá wọ ọkọ̀, mo gba ojú odò gòkè
lọ sí abúlé ìyá mi, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, Amoida.
Ó yí igi kan po kó tó gbé àáké.
"Ta ni yóò fẹ̀yìn tì í?"
Mo ní, "Opó mẹ́ta."
Ó fi igi yẹn sílẹ̀,
ó lọ wá èyí tó sanra jù ú lọ.

Ọjọ́ tí a fa ti àtijọ́ yọ,
ní ìdí rẹ̀ tó wọnú òkúta,
mo rí ìlà mẹ́ta tí a fi ọ̀bẹ fà.
Kò sí orúkọ.
Ẹnìkan tí ìyá rẹ̀ bí sóko ìrèké,
tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, tí wọn ò kọ́ níwèé.
N kò pe Fáda.
Mo fa ìlà mẹ́ta sí ìdí òpó tuntun,
mo fi tèmi ṣe ẹ̀kẹrin,
mo sì jẹ́ kí òkúta gbé e mì.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ahọ́n kún ilé,
títí kan àwọn ará Bràsíìlì tó ń wa góòlù.
Ìyá Muntslag fi òrùka ìgbéyàwó kan òpó náà.
Ó tẹ́tí. Ó tún kàn án.
"Ọmọdé ṣì ni," ló wí,
ó wá fẹ̀yìn tì í, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ lẹ́rù gbígbé.