Ìbuwọ́lù Fíìnì

Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé lánàá ní Gẹ́ǹtì:
àwọn ará Òsákà ni yóò po oògùn, tí yóò tà á,
àwa ó máa gba ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún
bí ó bá la ìdánwò ọdún mẹ́wàá já.
Agbẹjọ́rò mẹ́fà, igba ojú ewé.
Mo tú u wò, n ò bá orúkọ Fíìnì níbẹ̀,
láámà tí Godelieve gbẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀
ní òwúrọ̀ yìnyín.

Ẹni tó lẹrú ló lẹrù, wọ́n ní.
Ta ló wá lẹ̀jẹ̀?

Mo mú káróòtì lọ sí pápá láàárọ̀ yìí.
“Wọ́n ti fi ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ yáni o.”
Ó jẹ ẹ́ tán, ó wò mí,
ó tutọ́.
Mo ka ìyẹn sí ìbuwọ́lù.