Omi Inú Táyà

Ìdájí la ti kúrò ní Ìsarà,
èmi àti Ṣóyọmbọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,
pikọ́ọ̀pù níwájú, katakata Bàbá lẹ́yìn,
irin kan tí wẹ́dà jó lálẹ́ àná ló so wọ́n pọ̀.
Ìjẹ̀bú-Òde là ń lọ. Ẹni tó fẹ́ rà á ti san ìdajì.
Mo rọra ń wà á. Mo ń wo dígí ju ọ̀nà lọ:
imú pupa rẹ̀ ń tẹ̀ lé wa bí àgbàlagbà tí wọ́n ń fà lọ sí ọsibítù,
tí kò fẹ́, tí kò sì jà.

Lẹ́yìn Ògèrè, ọkùnrin kan na àsíá pupa sí wa:
"Ẹ yà síbí. Òṣùwọ̀n."
Mo ní, "Ọ̀gá, àwọn tírélà lẹ máa ń wọ̀n. Pikọ́ọ̀pù lèmi ń wà."
Ó ní, "Ohun tí ẹ bá ń wọ́, ẹ̀yin náà ni."

Òfin wà lára ògiri, wọ́n kọ ọ́ sórí pálí:
Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀.
Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí irin.
Kò sí ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn tí nọ́ńbà bá ti jáde.
Èyí tó kẹ́yìn yìí, ọwọ́ ẹlòmíràn ló kọ ọ́,
bíi pé ẹnì kan ti bẹ̀bẹ̀ jù.

Ìyáàfin Odùnúgà jókòó sẹ́yìn gíláàsì,
bírò rẹ̀, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ tábìlì.
"Ẹ sún síwájú. Ó tó. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn katakata báyìí."
Nọ́ńbà pupa náà sáré, ó fò, ó padà, ó dúró.
"Ó fi ọ̀ọ́dúnrún kílò lé."
"Lé lórí kí ni?"
"Lórí ohun tí pikọ́ọ̀pù yín lè fà."
"Ṣebí ó ń fà á! Láti Ìsarà ló ti ń fà á!"
Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.
"Fífà kọ́ ló ń pààyàn, ọ̀gbẹ́ni. Dídúró ni.
Ẹ bá mi wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú yẹn."

Mo kiwọ́ bọ àpò. Ṣóyọmbọ̀ fi ìgúnpá gún mi.
Mo yọ ọwọ́.
Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, Bàbá a máa wí bẹ́ẹ̀,
ẹni tó ra katakata torí ilẹ̀ éékà mẹ́ta.

Ọkùnrin alásìíá ló fẹsẹ̀ kan táyà:
"Omi wà nínú èyí."

Mo wá rántí. Ọdún tí òjò pọ̀,
tí katakata ń yọ̀ bí ẹja nínú ẹrẹ̀ oko pákí,
Bàbá gbé pọ́ǹpù lọ sódò ẹ̀yìn oko,
ó rọ omi sínú táyà ẹ̀yìn méjèèjì,
ó ní ohun tó bá fẹ́ lágbára nílẹ̀ yìí, kó kọ́kọ́ wúwo.
Èmi ni mo gbé garawa. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí.

Lítà kan, kílò kan.
A tú fáàfù. Odò wa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde
sórí ọ̀dà ìjọba,
ó pọ́n, ó ń rùn bí irin àti ewé jíjẹrà,
ó ṣàn kọjá lábẹ́ tírélà sìmẹ́ńtì mẹ́ta tó tò sẹ́yìn wa,
tí àwọn awakọ̀ wọn ń fọn fèrè, tí wọ́n ń bú wa ní èdè mẹ́rin.
Odò yẹn ti gbẹ láti ọdún mẹ́fà.
Ìyókù rẹ̀ nìyí.

Ó gba wákàtí kan àti díẹ̀.
Mo gbé ike ẹlẹ́rìndòdò kan sábẹ́ fáàfù,
ó kún, mo dé e, mo gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀.
Ìyáàfin Odùnúgà rí i. Kò kọ ọ́ sínú ìwé.
Ó lu òǹtẹ̀. "Jẹ́ẹ́jẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ o."

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọkùnrin tó rà á gùn ún,
ó fi yí ọgbà rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì,
ó sọ̀, ó ń wo táyà:
"Ẹ̀yìn rẹ̀ ò di ilẹ̀ mú."
Mo ní, ẹ rọ omi sí i.
Ó ní, omi wo?