Bàtà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn

Ní Mẹ́líbọ́n, nínú ilé tó kọjú sí ojú irin tírámù,
bàbá mi kì í sùn kó má to bàtà rẹ̀ sílẹ̀:
ọ̀tún, òsì, imú wọn kọjú sí ilẹ̀kùn,
bí ẹṣin tí a ti dì ní gàárì.
Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo bi í,
“Bàbá, níbo lẹ ń lọ lóru?”
Ó ní, “Kò síbì kankan.
Ìdí nìyẹn.”

Ìyá mi Frúmà kì í da èèpo ọ̀dùnkún nù
kó má kọ́kọ́ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé,
bí ẹni ń yẹ owó ayédèrú wò.

Wọn kò jókòó sọ ìtàn fún wa rí.
Ó kàn ń já bọ́ ni, bí bọ́tìnnì ara ẹ̀wù:
ọ̀rọ̀ kan nípa ajá,
ọ̀rọ̀ kan nípa ọbẹ̀ tó ṣàn bí omi òjò,
lẹ́yìn náà wọn á yí èdè padà sí Yídíìṣì,
wọn á ti ilẹ̀kùn.
Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni mo ti kọ́ Yídíìṣì.

Gítílà ni wọ́n sọ mí.
Ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ jẹ́ ẹ,
ọmọ tí bàbá mi bí ní Pólándì kó tó mọ ìyá mi,
ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò pé márùn-ún.
Bí bàbá bá pè mí nídìí oúnjẹ,
ohùn rẹ̀ á kọjá lára mi,
á lọ máa wá ẹnìkan lẹ́yìn àga mi.
Mo jẹun fún àwa méjèèjì.
Nílé ìwé, n kò gbọdọ̀ fìdí rẹmi:
òkú kì í tún ìdánwò ṣe.

Bàbá kú ní oṣù Kẹfà, nígbà òtútù ibẹ̀.
Àbúrò mi Lésà ní ká kó bàtà náà tọrẹ.
Mo ní ó dáa.
N kò kó o.

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.
Èmi ńkọ́, tí ejò kò bù jẹ,
tí mo kàn mu ọmú ẹni tó bù jẹ?

Lánàá, ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá:
“Màámi, kí ló dé tí bàtà yín ń wo ilẹ̀kùn?”
N kò mọ̀ pé mo ti ń ṣe é.
Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yí ọ̀kan padà.
Ìkejì, mo fi í sílẹ̀.