Èje Tàbí Ẹ̀jọ

Wiebe ti ilẹ̀kùn, ó gbé fóònù létí.
Ohùn obìnrin kan ń ka nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta
nínú ariwo tó ń hó bí òjò lórí páànù.
Èjì, ẹ̀rin…
èje ni, àbí ẹ̀jọ?

Ọgbọ̀n ọdún ló fi tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ní Harlingen.
Ẹ́ńjìnnì náà kò gba owó; etí ló gbà.
Nídìí oúnjẹ, bí àwọn ọmọ-ọmọ bá ń pariwo,
ó máa ń rẹ́rìn-ín síbi tí kò sí àwàdà.

"Ẹ lọ rí dókítà."
Ó pa á.
Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Hiske sọ nǹkan lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, ìyẹn dá a lójú.