Ìbọn Tí Kò Wúwo

Ìbọn bàbá mi wúwo bí ọmọ tó sùn lọ léjìká.
Mo gbé e fún ọdún mẹ́tàlélógún,
láti Ọ̀pẹ́jì títí dé etí odò Ògùn,
títí orúnkún ọ̀tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣe awuyewuye
níbikíbi tí òkúta bá ti ga ju ìbàdí lọ.
Abẹ́òkúta la wà. Ibo ni òkúta kò ga sí?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Ṣókálẹ̀ ní Ìtòkú,
ìwé àṣẹ nínú ọ̀rá, owó ẹ̀gúsí ọdún méjì nínú ìbọ̀sẹ̀.
Ó to ìbọn mẹ́ta sórí àpò sìmẹ́ńtì.
N kò béèrè iye wọn. Mo ní, "Bá mi yá òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja."
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á,
ṣùgbọ́n ó ránṣẹ́ sí Ìyá Mosún.
A fi wọ́n kọ́ ìwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹja àrọ̀.
Àkọ́kọ́ fà á wálẹ̀ bí ewúrẹ́ tó kọ̀ láti rìn.
Ìkejì sàn.
Ìkẹta, tí ìdí rẹ̀ kì í ṣe igi, tó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò,
abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ó dé.

"Dúró ná," ni Ṣókálẹ̀ wí. "Ohun tó fúyẹ́ ń ta nípàá.
Ìbọn wúwo a máa gba ìyà ẹ̀tù mọ́ra.
Èyí ò ní gbà á. Èjìká rẹ ni yóò gbà á."
Ó da ọta sórí tábìlì.
Ọ̀kan gùn bí ìka àárín àgbẹ̀:
ó lè la ẹfọ̀n já, ó sì lè yẹ èjìká ẹni tó yìn ín.
Ọ̀kan tín-ín-rín, ó yára, ó ń lọ tààrà,
ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lásán lè tì í kúrò lọ́nà.
Ọ̀kan wà láàrin, kò ga, kò kúrú,
bí àbúrò tí ẹnikẹ́ni kì í rántí níbi ìpín ogún,
tó sì jẹ́ òun ló ń tọ́jú ìyá.
Mo mú un.
Ẹtu ni mo ń lé, n kò bá erin jà.
Ẹ̀tù díẹ̀ tó ẹtu pa.
Ọmọ ilé-ìwé tó bá ṣi àmì orí ọ̀rọ̀ méjì yìí fi, tíṣà á nà án.
Ọdẹ tó bá ṣì í fi, ebi ni yóò kọ́ ọ.

Kí ló dé tí mo fi ń wá ọta ọ̀nà jíjìn?
Ẹran ò sún mọ́ ènìyàn mọ́.
Ibi tí mo ti máa ń fojú lásán rí ìrù ọ̀kẹ́rẹ́,
páànù pupa ló wà níbẹ̀ báyìí, àti géètì,
àti ajá tó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó.
Ẹtu ti kọ́ bí a ti í dúró lókèèrè wòran.

Mo dán an wò níbi tí wọ́n ti fọ́ òkúta tán, lọ́nà Alábàtà.
Agolo mílíìkì mẹ́rin, ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀.
Ọta kìn-ín-ní pa ilẹ̀. Ìkejì pa ilẹ̀.
Èjìká mi wú bí búrẹ́dì.
Ní ìkẹfà, agolo kan fò sókè,
ó ṣe díẹ̀ kí ariwo rẹ̀ tó dé etí mi.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ẹtu kan jáde sórí àpáta.
Mo fi ojú sínú awò: ó súnmọ́ débi pé
mo lè fi ìka nu ipin ojú rẹ̀.
Mo ti mú èémí dání.
Ohun kan pupa mì lẹ́yìn etí rẹ̀.
Mo yí awò díẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé ni, lórí okùn,
omi ń kán lára rẹ̀, ọwọ́ kékeré kan sì nà sókè,
ó ń fi pẹ́ẹ̀gì há a.

Ṣókálẹ̀ wọn ìbọn, ó ṣàlàyé ọta,
ó sọ bó ṣe ń lọ.
Kò sọ ibi tó ń dúró.

Mo fi igbọ̀nwọ́ wọ́ lọ sápá òsì,
kí òkúta lè wà lẹ́yìn ẹran.
Ó gbà mí tó ìdajì wákàtí, orúnkún ń bú mi.
Nígbà tí mo débẹ̀, òkúta wà.
Ẹran ti lọ.

Mopélọ́lá ń fẹ́ iná nígbà tí mo wọlé.
Ó gbé ìbọn náà wò, ó yà á lẹ́nu.
"Ó mà fúyẹ́ o! Ẹran ńkọ́?"
Mo ní, òun náà fúyẹ́.